Abẹ́rẹ́ Tó Jábọ́ Lára Guacamayo

Abẹ́rẹ́ náà jábọ́.

Nínú gbogbo èrò tó kún pálọ̀ ọ̀fọ̀ náà, Deyanira Pertuz nìkan ló rí i, torí òun nìkan ló ń ṣọ́ ọwọ́ Ezequiel Barraza. Bàbá náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àpótí ńlá bí ẹni tó ń so okùn bàtà. Ó ká etí aṣọ tó bo àpótí náà sókè díẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ tó máa ń gún mọ́ fìlà rẹ̀, ó fi kan àárín sípíkà tó fẹ̀ bí ọpọ́n ìfọṣọ, ó sì yọwọ́. Abẹ́rẹ́ jábọ́. Ó ṣà á nílẹ̀, ó tún fi kàn án, ó tún jábọ́. Ó gún un padà mọ́ fìlà, ó dìde, orúnkún rẹ̀ sì dún.

"Kí lẹ rí, Ìnsípẹ́kítọ̀?" Deyanira kàn mi ètè ni, kò jẹ́ kí ohùn jáde. Kò sì nílò ohùn. Ó ti pẹ́ tí etí Barraza ti kú, kódà kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ẹnu ènìyàn ló máa ń wò, ó sì máa ń bá ohun tó pọ̀ níbẹ̀.

"Mo rí i pé ebi ń pa mí," ló fèsì. "Wá, ká bọ́ síta."

Ọ̀rọ̀ tó gbé wọn wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àpótí méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ òkú yìí ni Guacamayo, pikó tí gbogbo àdúgbò Rebolo fi ń jó láyé àtijọ́. Ní Barranquilla, pikó kì í ṣe àpótí orin lásán. Ó ní orúkọ, ó ní ojú tí wọ́n fi ọ̀dà yà, ó sì ní àwọn tó lè tìtorí rẹ̀ já ẹ̀wù ara wọn ya. Aurelio Pertuz, bàbá Deyanira, òun àti Ovidio Charris ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ kan án. Deyanira ṣì rántí ọjọ́ tí wọ́n ń ya ẹyẹ pupa tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ sí aṣọ ojú rẹ̀, tí òun ti ọwọ́ bọ inú ọ̀dà, tí ìyá òun fi kẹrosíìnì bó ọwọ́ náà tí òun ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọ̀rẹ́ méjèèjì jà. Ovidio mú pikó, Aurelio mú ìbínú, ó sì gbé ìbínú náà wọ sàréè. Ó ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dúró níbi tí ẹyẹ yẹn bá ti ń kọrin, Deyanira sì gbọ́ràn.

Ní báyìí Ovidio náà ti kú. Wilfrido, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fẹ́ ta Guacamayo, ilé ló sì fẹ́ gbà: ilé kékeré tí Deyanira ń bá ìyá rẹ̀ gbé, ìyá tí kì í lè dé ilé ìdáná láìdi ògiri mú. Kí àdúrà ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí ló ní kí Deyanira fọwọ́ sí ìwé. Ẹ má sọ pé orí Deyanira dàrú. Ilé ijó tó fi ń bọ́ ara rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ló ń kú lọ. Ọdún ijó Carnaval ti ń kan ilẹ̀kùn, àwọn oníbàárà sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní pikó olórúkọ. Àpótí dúdú méjì tí kò lójú ló wà nílé ijó tirẹ̀, èyí tó rà lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́ ìbaaka kan. Ta ló máa wá jó níwájú àpótí tí kò lójú? Ojú ń tì í débi pé kì í yí ohùn wọn sókè. Barraza nìkan ló fẹ́ràn wọn. Bó bá di Sunday, á fẹ̀yìn ti ọ̀kan, á dijú, àwọn ènìyàn á ní bàbá ti sùn lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ra pikó á ní kí wọ́n tàn án kí òun gbọ́. Àmọ́ ta ló jẹ́ tan orin nílé ọ̀fọ̀? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń gbàdúrà fún òkú, rédíò pàápàá kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń ta dómínò lẹ́nu ọ̀nà ń rọra gbé e lé tábìlì bí ẹni ń gbé ẹyin. Lórí Guacamayo gan-an ni Dónà Nubia, opó Ovidio, gbé ife omi tí ọkàn òkú ń wá mu sí. Ẹni tó bá jẹ́ kí omi yẹn dà, òǹgbẹ ló fi òkú sí.

Wọn ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Wilfrido fi dábùú wọn. Ó gbé àwo kọfí dání, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

"Dónà Deya, ṣé ká múra? Ìwé ilé dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Jẹ́ ká tan ẹyẹ yìí díẹ̀," ni Barraza wí. "Kó kàn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

"Há, Ìnsípẹ́kítọ̀! Nílé òkú? Ṣé ẹ fẹ́ kí àǹtí mi fi ọmọrí ìkòkò fọ́ mi lórí ni?" Wilfrido rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú o, bàbá, ẹ̀yin gan-an, kí lẹ fẹ́ fi gbọ́ ọ?"

"Òótọ́ lo sọ. Adití ni wọ́n gbé wá yan sípíkà. Ayé mà ti bàjẹ́ o." Barraza mú ife kọfí kan, ó mu ún, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọmọkùnrin náà. "Nígbà wo ló kọrin kẹ́yìn?"

"Ọdún San Roque tó kọjá. Mo wà níbẹ̀! Gíláàsì wíńdò gbogbo ilé tó wà lójú pópó yìí ló ń gbọ̀n. Ẹ tiẹ̀ gbé e wò, ọkùnrin mẹ́ta ò lè gbé ọ̀kan nílẹ̀. Ṣé òfìfo ló máa wúwo tó bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló sọ pé òfìfo ni?"

Ẹ̀rín Wilfrido dúró gbagidi. Kò ju bí ẹni ṣẹ́jú lọ, ẹ̀rín náà sì padà.

"Èmi ṣáà ti wí tèmi. Ará Cartagena kan wà níta pẹ̀lú ọkọ̀ ẹ̀. Bí Dónà Deya ò bá fọwọ́ sí i kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, òun ló máa gbé e lọ. Ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́."

Deyanira fọwọ́ tẹ ìwé ilé tó wà nínú àpò rẹ̀, ó sì rò ó pé bí Guacamayo bá dé Cartagena, òun ò tún ní fojú kàn án mọ́ láyé.

Òórùn ẹja ló kọ́kọ́ kí wọn níta. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lábẹ́ igi, omi yìnyín ń kán tótó láti ìdí rẹ̀, awakọ̀ sì jókòó sínú ìbòji, ó ń jẹ arepa ẹlẹ́yin, àkàrà àgbàdo díndín, òróró ń ṣàn dé ìgbúnwọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o," ni Barraza wí. "Báwo ni Cartagena?"

"Cartagena?" Awakọ̀ náà gbé oúnjẹ mì. "Ẹn... ó wà dáadáa."

"Ẹja níbo lẹ gbé láàárọ̀ yìí?"

"Ti Ciénaga ni. Ó tútù o, bàbá, ó ṣẹ́ kù díẹ̀ bẹ́ ẹ bá—"

"Ciénaga wà lápá ọ̀hún, Cartagena wà lápá ibí. Ọ̀nà ibo lẹ gbà tẹ́ ẹ fi ti méjèèjì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

Ọkùnrin náà wo Deyanira, ó wo ilé ọ̀fọ̀, ó wo arepa ọwọ́ rẹ̀.

"Àpótí onígi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ńkọ́?" Barraza ò jẹ́ kó sinmi. "Inú omi ẹja yìí lẹ máa tẹ́ ẹ sí?"

"Àpótí wo? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kó mi sí wàhálà. Wilfrido ló ní kí n páàkì síbí di ìrọ̀lẹ́, kí n máa wo ilé yẹn bí ẹni tí ara ń kán. Ó ra oúnjẹ fún mi. Mi ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo fi ìyá mi búra!"

Deyanira ò dúró gbọ́ ìbúra. "Kò sí ará Cartagena! Ọmọ àlè yìí fẹ́ lé mi sínú kànga ni!"

"Rọra. Kọjú sí mi kó o tó máa bú u, kí n lè gbádùn ẹ̀." Barraza fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Gbọ́. Sípíkà tó bá ń sọ̀rọ̀, òòfà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, irin tó ń fa irin. Bó ti wù kó gbó tó, á di abẹ́rẹ́ mú. Èyí tó wà nínú ilé yẹn ò di nǹkan kan mú. Awọ lásán ni, bí ìlẹ̀kùn tí kò ní yàrá lẹ́yìn."

"Ó sì wúwo."

"Àpáta náà wúwo."

Deyanira gbé ọwọ́ lé orí. Gbogbo rẹ̀ ti wá hàn sí i kedere, tàbí kó jẹ́ pé ó rò bẹ́ẹ̀. "Wilfrido ti jí inú ẹ̀ tà. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́pàá yín kí wọ́n wá mú un, kó sọ ibi tó gbé e sí!"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni bàbá náà wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdí tábìlì dómínò ló kọrí sí. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún San Roque tó kọjá, ṣé Guacamayo ṣe dáadáa?"

Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè fọwọ́ bo ẹnu nítorí òkú.

"San Roque wo? Òjò ló lù wá bí ẹni lu aṣọ òfì. Kò sẹ́ni tó jó."

"Ẹyẹ yẹn ò jáde mọ́," èkejì gbà á lẹ́nu rẹ̀, "láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Nubia. Ovidio ní àyà òun ò gba ariwo mọ́. Ó kàn máa ń nu eruku ojú ẹ̀ ni, bí ẹni ń wẹ ọmọ."

Barraza dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó yíjú sí Deyanira. "O gbọ́? Wilfrido ò sí nílé yìí nígbà yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Valledupar dé fún ìsìnkú ni. Ẹyẹ ti yadi kí ó tó dé. Òun kọ́ ló pa ohùn ẹ̀."

"Ta wá ni?"

"Jẹ́ ká lọ bi ẹni tó ń gbé omi sí i lórí."

Dónà Nubia wà nílé ìdáná, ó ń po ṣúgà mọ́ kọfí fún àwọn tó ń bọ̀ wá gbàdúrà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ dúdú ti gbé e mì. Barraza ò bá a pa àlọ́. Ó fa abẹ́rẹ́ yọ, ó fi kan ìdí ìkòkò irin kan, ó sì jẹ́ kó jábọ́.

"Ta ló gba òòfà inú Guacamayo, Dónà Nubia? Olè ni, àbí olówó?"

Ṣíbí ọwọ́ obìnrin náà dúró. Ó jókòó pẹ̀lẹ́ sórí àpótí ìjókòó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ sókè."

"Adití ni mí, màmá. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló tó mi."

"Èmi ni mo jẹ ẹ́." Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Inú mi ni wọ́n là. Ovidio tú ohùn ẹyẹ náà tà kí n lè dìde. Ó wá dá aṣọ bo ojú ẹ̀ padà, ó ní kí n búra pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀. Ní ìlú yìí, ọkùnrin tí pikó ẹ̀ bá yadi, wọ́n ti sin ín. Mo fẹ́ kó lọ pẹ̀lú iyì ẹ̀. Kí ni mo ṣe tó burú níbẹ̀?"

"Kò sí. Kí ni Wilfrido sọ fún yín pé òun fẹ́ tà fún ọmọ yìí?"

"Ojú ẹ̀ ni. Aṣọ tí bàbá ẹ̀ yà. Mo ní kó tiẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́..." Ó wo Deyanira, ó sì rí ojú rẹ̀. "Kí ló ní kó o mú wá?"

"Ilé wa," ni Deyanira wí. "Èyí tí ìyá mi ń sùn sí."

Dónà Nubia dìde. Wọn ò mọ̀ pé obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lè yára tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti bá Wilfrido, ó gba àwo kọfí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Deyanira.

"Tún un sọ níwájú mi," ló wí. "Ilé ta lo fẹ́ gbà?"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé—"

"Èmi ni màá bá a ṣàlàyé," ni Barraza wí. "Ó tú ẹ̀yìn àpótí lọ́jọ́ tó dé, ó bá a lófìfo. Ẹ̀rù òfìfo yẹn ló ń bà á, òun ló jẹ́ kó já bọ́ lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí mi ò tíì bi í. Ó mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan orin títí ọ̀fọ̀ á fi parí. Ó wá fi ọ̀fọ̀ yín ṣe àgádágodo. Kí lo dà sínú ẹ̀, ọmọ? Òkúta?"

"Símẹ́ńtì," ni Wilfrido wí. Ó ti dorí kodò. "Mo ra awọ sípíkà tó ti bàjẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú. Mo rò pé mi ò ní sí níbí mọ́ kí wọ́n tó mọ̀."

Dónà Nubia ò lù ú. Ó nàka sí ẹnu ọ̀nà. "Bọ́ síta, kó o sọ fáwọn onídómínò pé irọ́ lo fẹ́ fi gba ilé ọmọ yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, má tún fọwọ́ kan kọfí òkú mi."

Ó lọ. Deyanira fi ara ti ògiri. Ilé ìyá rẹ̀ ti yọ lọ́wọ́ ewu, ó yẹ kó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni ọkàn rẹ̀ ń wó. Ohùn tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ti wọ ilé ẹlòmíì, bóyá ní Cartagena lóòótọ́, ilé ijó rẹ̀ á sì kú bó ti ń kú bọ̀.

"Màmá, ta ni Bàbá Ovidio tà á fún?" ló bi opó náà.

"Mo ti búra."

"Ẹ má ba ìbúra yín jẹ́," ni Barraza wí. "Ẹ parí àdúrà yín. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé ife omi yẹn, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé wa dé ọ̀dọ̀ Deyanira. Èmi ni màá sọ̀rọ̀. Bí mo bá ṣìnà, ẹ dá mi dúró."

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n tú pẹpẹ, ọ̀fọ̀ parí. Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí wọ́n wọ ilé ijó tó ṣófo. Deyanira tan iná. Àpótí dúdú méjì náà dúró síbi tí wọ́n máa ń wà.

"Ta ló tà wọ́n fún ọ?" ni Barraza bi í.

"Chepe oníbaaka."

"Ṣé o tàn wọ́n wò kó o tó rà wọ́n?"

"Iná ò sí lójú pópó lọ́jọ́ yẹn. Owó tó pè dín sí ohun tí mo rò, mo kàn rà á ni. Ó ní ẹni tó ni ín fẹ́ kó lọ sílé tí wọ́n á ti lò ó. Mo béèrè ẹni náà, ó ní onítọ̀hún kò fẹ́ kí n mọ òun." Ó yíjú sí Dónà Nubia. Opó náà ń wo ilẹ̀, kò sì dá ẹnikẹ́ni dúró.

"Mo jó níwájú Guacamayo títí etí mi fi kú," ni Barraza wí. "Ó gba etí mi, àmọ́ ara mi ò gbàgbé ẹ̀. Ó ní ibi tó máa ń kàn mí, níbí, láàárín èjìká méjèèjì. Lọ́jọ́ Sunday bí mo bá fẹ̀yìn ti àpótí rẹ yìí, á kàn mí níbẹ̀ gan-an. Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń dà mí láàmú. Ọ̀sán yìí, nígbà tí abẹ́rẹ́ jábọ́, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ orí."

Ó yọ abẹ́rẹ́, ó nà án sí Deyanira. Deyanira gbà á, ó nà án sí àpótí dúdú kan. Abẹ́rẹ́ náà ò tíì kan àárín sípíkà tó fi fò kúrò ní ìka rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó dúró ṣánṣán.

Deyanira wá túnáfíísì, ó tú ẹ̀yìn àpótí náà. Lára irin ńlá tó wà nínú ibẹ̀, lábẹ́ eruku, àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa, ìka márààrún pé. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Ó fẹ́ bínú sí bàbá rẹ̀, ó fẹ́ bínú sí Ovidio, ẹkún ló jáde.

"Àwọn ará Cartagena fẹ́ san ju bẹ́ẹ̀ lọ," ni Dónà Nubia wí jẹ́jẹ́. "Ó kọ̀. Ó ní ohùn yẹn, ti Aurelio ni. Ó ní bí òun bá gbé e wá pẹ̀lú ojú ẹ̀, wàá jù ú padà sí òun, ló ṣe kó o sínú àpótí dúdú."

"Ǹ bá jù ú padà lóòótọ́," ni Deyanira wí.

"Wá mú aṣọ ojú ẹ̀ nígbà tó bá wù ọ́. Ọ̀fọ̀ ti parí. Tan án."

Opó náà gbé ife omi Ovidio lé orí àpótí dúdú. Barraza jókòó, ó fẹ̀yìn tì í, ó dijú. Deyanira fi orin sí i, ó sì yí ohùn rẹ̀ lọ dé òpin, èyí tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti rà á. Ilẹ̀ dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn tó ń kọjá lójú pópó dúró, ẹnìkan sì kígbe orúkọ ẹyẹ náà. Omi inú ife gbọ̀n, ó ru sókè, ó ń dà sílẹ̀ lára àpótí. Deyanira sáré na ọwọ́ sí i.

"Fi sílẹ̀," ni Dónà Nubia wí, ó sì dì í lọ́wọ́ mú. "Jẹ́ kó dà. Òǹgbẹ ò gbẹ ẹ́ mọ́."